Àpótí Iná Tó Wà Lẹ́yìn Kàlẹ́ńdà

Alága ìjókòó wa, tí ẹ tún jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìtẹ̀wé yìí, mo kí yín, mo sì kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ti ń bẹ̀ mí láti àárọ̀ pé kí n máa fi ẹnu kí èèyàn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, tí ẹ jókòó sí ìlà iwájú níbi tí fáànù ti ń fẹ́ yín dáadáa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka gbogbo, ẹ̀yin tí ẹ ń to ọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gé e, ẹ̀yin tí ẹ ń dì í, títí dé orí ẹni tó ń gbá àjákù bébà jáde nírọ̀lẹ́, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka iná, àwọn tí mo ti pariwo mọ́ jù lọ nínú ọgbà yìí, ẹ̀yin ni mo kí gùn jù. Ọkọ mi, télọ̀ tó rán aṣọ tí mo wọ̀ yìí, tó sì ti ń wo etí rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dìde bóyá mo máa tẹ̀ ẹ́ ya, mo kí yín, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin ìbejì mi, ẹ kú ìrìnàjò. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo fetí sí gbogbo ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ. Wọ́n ní akíkanjú ni mí. Wọ́n ní mi ò fi iṣẹ́ iná ṣeré rí láyé mi. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra, kó wá wo èmi. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń wẹ̀yìn? Mò ń wò bóyá ẹlòmíràn ló jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ wo ọkọ mi náà. Ó ti fi hanakáṣíìfù bo ẹnu. Kì í ṣe ẹkún ló ń sun.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wọ ilé yìí nígbà tí irun mi dúdú, tí ìbàdí mi sì ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá mítà kọjá láì yí ẹ̀gbẹ́. Bàbá tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó dé fìlà aláwọ̀ eérú, ló jẹ́ olórí ẹ̀ka iná nígbà náà. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé o máa ń bẹ̀rù iná?" Mo yọ àyà, mo ní, "Rárá o, sà." Wọ́n ní, "Ó dáa, máa lọ sílé." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó pè mí padà. Wọ́n ní, "Ní báyìí ńkọ́?" Mo ní, "Sà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀rù." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù yín kò tíì kúrò lára mi di òní olónìí.

Àwọn ló kọ́ mi pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún àpótí iná, tàbí tó fẹ́ yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ pa iná tó ń wọ inú rẹ̀ láti ìta, kó fi àgádágodo ti súìṣì náà, kó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ara rẹ̀, kó kọ páálí kọ́ ọ lọ́rùn pé èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, kó wá fi tẹ́sítà, irinṣẹ́ kékeré tó ń tàn bí iná bá wà, yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ohunkóhun. Mo gba ẹ̀kọ́ náà bí ẹní gba ìpè. Mo sọ ọ́ di orin. Ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ àpótí, màá ti ìdí ilé pariwo: pa iná, pa iná. Báyìí ni ẹ̀yin atẹ̀wé ṣe sọ mí ní Panápaná. Ẹ sì mọ ibi tí orúkọ yẹn gbé wa dé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, tó jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, gbọ́ tí ẹnì kan kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ bá mi pe Panápaná wá, àpótí iná ń rùn." Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó gbé fóònù, ó pe àwọn panápaná tòótọ́, ó sì lu aago. Gbogbo wa sá jáde. Àwọn adìwé mú búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ọ̀gá àgbà wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí ọkọ̀ pupa dé, tí wọ́n bi í pé níbo ni panápaná tí wọ́n ń pè náà wà, ó nàka sí mi, ó ní, "Òun nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rẹ́rìn-ín ìyẹn tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ọ̀rọ̀ àgádágodo. Mo mọ̀ pé gbogbo yín ti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ẹ̀dà rẹ̀ kan nínú kántíìnì níbi tí wọ́n ti ní eyín ni mo fi já a. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má di pé nígbà tí mo bá ti lọ, wọ́n á ní mo jẹ ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi ra áyọ́ọ̀nù ńlá kan tó ń tu ooru omi, èyí tí àwọn télọ̀ fi ń lọ kóòtù. Yàrá ìránṣọ wọn wà nínú ilé wa, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá ti tan áyọ́ọ̀nù yìí, gbogbo gílóòbù inú ilé á rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú. Lẹ́yìn náà bírékà á já. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, bá mi wo àpótí iná yẹn o." Mo ní lọ́la. Wọ́n tún sọ, mo tún ní lọ́la. Mo ti ń wo àpótí iná láti àárọ̀ níbí, mi ò fẹ́ rí òmíràn nírọ̀lẹ́ nígbà tí mo bá fẹ́ na ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dà mí láàmú jù, mo mú bírékà tó tóbi jù, mo fi rọ́pò èyí tó ń já. Kò já mọ́. Mo ní, "Ẹ rí i? Ó ti tán."

Ẹ̀yin tí kì í ṣe oníná, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Bírékà ni ẹ̀ṣọ́ tó ń já iná nígbà tí ẹrù bá ju agbára wáyà lọ. Bí ẹ bá lé ẹ̀ṣọ́ kékeré yẹn lọ, tí ẹ fi òmìrán síbẹ̀, tí ẹ ò pààrọ̀ wáyà, ẹrù tó ń pa wáyà lára kò ní ta òmìrán jí. Òmìrán á máa sùn, wáyà á máa jó. Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún, lórí pátákó, pẹ̀lú àwòrán? Èmi ni. Ta ló délé, tó bọ́ bàtà, tó ṣe òdì kejì rẹ̀? Èmi náà ni. Ìdérí àpótí ọ̀hún kò tilẹ̀ ní súkùrù mọ́, etí aṣọ láti yàrá ìránṣọ ni mo fi so ó. Kí àlejò má baà rí i, mo gbé ọ̀kan nínú kàlẹ́ńdà ilé ìtẹ̀wé yìí kọ́ síwájú rẹ̀. Mo fẹ́ràn kàlẹ́ńdà wa. Ó fẹ̀ dáadáa.

Gbogbo yín mọ igbákejì mi, tí à ń pè ní Rọra. Ẹ dìde, kí wọ́n rí yín. Ẹ má wulẹ̀ dìde, kí ẹ tó dìde tán ilẹ̀ á ti ṣú. Ọkùnrin yìí ni mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù nínú ilé yìí, nítorí pé kò kánjú rí. Bí wọ́n bá ń gbé ẹ̀rọ kọjá, á ní ẹ rọra. Bí wọ́n bá ń bu omi mu, á ní ẹ rọra. Tẹ́sítà rẹ̀ gan-an, kó tó fi yẹ àpótí wò, á kọ́kọ́ lọ fi yẹ ibi tí iná wà dájú, kó lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà kò kú. Lẹ́yìn tó bá yẹ àpótí wò tán, á tún padà lọ síbi tí iná wà, bóyá tẹ́sítà kú lójú ọ̀nà. Mo máa ń bi í pé ṣé ó fẹ́ gbé tẹ́sítà náà lọ sí ọsibítù ni.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, Rọra gbé ṣòkòtò wá fún ọkọ mi kí wọ́n bá òun tú ìbàdí rẹ̀. Mi ò sí nílé. Bó ṣe ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, imú rẹ̀ gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Ó ká kàlẹ́ńdà sókè. Ọkọ mi ní ó tẹjú mọ́ àpótí náà. Ó wá ní, "Ta ló ṣe èyí, sà?" Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá yín ni." Rọra dá kàlẹ́ńdà padà pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bo òkú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa áyọ́ọ̀nù yẹn. Ẹ má tan án mọ́ títí màá fi padà wá." Àwọn méjèèjì wá fẹnu kò pé àwọn ò ní sọ fún mi, pé bí mo bá gbọ́, màá ní lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo lọ dirun. Eré kan wà tí mò ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa sọ ẹni tó ni oyún náà. Mo ní kí onídìrí ṣe wéré, mo sáré délé. Bí mo ṣe wọ ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tí aládùúgbò ti tan tirẹ̀, orin eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ súìṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, iná kò tàn. Mo yíjú sí mítà lára ògiri ìta. Súìṣì ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló yẹ kí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Panápaná rò nígbà tó rí àgádágodo lẹ́nu súìṣì? Mo rò pé àwọn tó ń gé iná àwọn tí kò tíì sanwó ti ṣi ilé mú ni. Páálí pupa kan wà níbẹ̀. Mo rí i, mi ò kà á, nítorí pé dígí mi wà nínú báàgì, orin sì ti ń parí lọ. Mo wọ ibi tí à ń kó irinṣẹ́ sí, mo mú ayùn irin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ àgádágodo náà. Mò ń rẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Irun tuntun ń bọ́ sí mi lójú, mò ń bú àwọn tí mo rò pé wọ́n tì í.

Ọkọ mi jáde láti inú ilé, téèpù wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, kí lò ń gé?"

Mo ní, "Àwọn oníranù kan ló ti iná wa pa. Ẹ bá mi di ìdí rẹ̀ mú."

Wọn ò dì í mú. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, tagbáratagbára, ohun tí wọn ò ṣe rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Wọ́n ní, "Èèyàn wà níbẹ̀." Kí n tó bi wọ́n pé níbo, ohùn kan ti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, ohùn tí mo ti ń gbọ́ lójoojúmọ́ nínú ilé ìtẹ̀wé yìí. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gé e. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣì wà nínú àpótí."

Mo gbé dígí sójú. Mo ka páálí náà. Ọwọ́ mi ni mo rí, ìkọ̀wé mi: Èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, má tan án. Páálí tí èmi fúnra mi ṣe fún ẹ̀ka wa ni. Ayùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ọkọ mi dúró tì mí, wọn ò bú mi. Ìyàwó Rọra ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé ta ni ì bá lọ sọ fún un, kí sì ni onítọ̀hún ì bá ní ó fà á. Eré tẹlifíṣọ̀n?

Nígbà tó yá, mo wọlé. Mo ní, "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀." Rọra wò mí, ó fún mi ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ẹ bá mi di èyí mú, Ọ̀gá mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ jáde nínú àpótí. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ gé àgádágodo ti wọlé. Mo ní láti tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀." Bó ṣe gbé tẹ́sítà rẹ̀ nìyẹn, ó lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì aládùúgbò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó padà wá yẹ àpótí wò, ó tún padà lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó fi ohun tó bá níbẹ̀ hàn mí. Wáyà méjì wà lábẹ́ súkùrù kan ṣoṣo, èyí tó tú díẹ̀ nínú wọn ti jó, rọ́bà rẹ̀ ti di àwọ̀ kọfí. Ihò kan wà tí aláǹgbá ti ń wọlé, nítorí a rí ìgbẹ́ rẹ̀. Rọra gé ibi tó jó kúrò. Ó yọ òmìrán bírékà mi, ó dá èyí tó bá wáyà mu padà. Ó ṣírò gbogbo ohun tí ilé wa ń lò, láti mọ̀ bóyá àpótí náà lè gba ẹrù mìíràn rárá, kó tó fa wáyà tuntun tó nípọn láti ibẹ̀ lọ bá áyọ́ọ̀nù nìkan, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀ àti wáyà tó ń lọ sínú ilẹ̀. Ó di ihò aláǹgbá. Ó fi súkùrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ìdérí. Ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì télọ̀ wá, wọ́n kọ orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ bírékà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ Tẹlifíṣọ̀n Ìyá Ìbejì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Rọra ṣí àgádágodo tó ní àpá ayùn, tó tan iná, áyọ́ọ̀nù gbóná, gílóòbù kò ṣẹ́jú. Eré ti parí. Títí di òní mi ò mọ ẹni tó ni oyún yẹn, ẹ má sì sọ fún mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ ibí bí ẹni tó fẹ́ gba ìdájọ́. Mo rò pé gbogbo ilé á ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Rọra kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló wá dé tí gbogbo yín fi mọ̀ ọ́n? Ẹ rántí ìgbà tí ẹ̀rọ agéwèé tuntun dé, tí a fẹ́ fi ẹ̀ka wáyà kan kún àpótí iná ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ilé ẹ̀kọ́ wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀gá àgbà ní kí a so ó mọ́ ọn láì pa iná, kí ìtẹ̀wé lè máa lọ. Ọ̀nà kan náà ni mo máa ń gbà ja irú ìjà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ariwo. Lọ́jọ́ yẹn ẹnu mi kò gba ariwo. Mo sọ ìtàn bókẹ́ẹ̀tì fún wọn níwájú gbogbo olórí ẹ̀ka. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá àgbà wá ní, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí n pa á fún yín?" Rọra ní ọjọ́ Àìkú, láti àárọ̀. Alága wa, ẹ gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín níwájú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, a pa iná, a tì í, a kọ́ páálí sí i. Mo ti na ọwọ́ síwájú láti yọ wáyà àkọ́kọ́, nítorí pé èèyàn kì í kúkú yí padà tán lọ́sẹ̀ mélòó kan. Rọra ní, "Ẹ dúró, Ọ̀gá mi." Ó fi tẹ́sítà kàn án. Ó tàn.

Gbogbo wa fà sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ọmọlúàbí tó pe ọkọ̀ pupa, rí i pé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ṣókùnkùn, ó sì fi inú rere lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹnì kan ti so wáyà jẹnẹrétọ̀ mọ́ àpótí yẹn láti ayé ìgbà kan, kò sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọwọ́ mi yìí, èyí tí mo fi di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú báyìí, ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. A lọ pa jẹnẹrétọ̀, a ti òun náà, Rọra tún gbé tẹ́sítà rẹ̀ káàkiri bó ṣe máa ń gbé e, a sì ṣe iṣẹ́ náà parí. Ẹ̀rọ agéwèé ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó farapa. Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo di ọkọ mi mú, wọ́n ní kí ló dé, mo ní kò sí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka iná, láti ọ̀la lọ, Rọra ni olórí yín. Bó bá pẹ́, ẹ dúró dè é. Bó bá ní kí ẹ tún un yẹ̀ wò, ẹ má bi í ní ìdí. Ẹni tí mo bá ti pariwo mọ́ láìyẹ nínú yín, ẹ dárí jì mí. Ẹni tí mo pariwo mọ́ lẹ́tọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Rọra, ẹ ṣeun tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ gbá ọwọ́ mi mú. Mo mọ̀ pé ẹ ti ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ nílé. Màá ṣe é. Ẹ má bi mí pé ìgbà wo.

Àdúrà ló kù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé yìí ṣókùnkùn. Ìwé tí ẹ bá tẹ̀, á rí ẹni kà á. Ẹ̀yin àgbà iwájú, ẹ ó pẹ́ fún wa. Alága wa, ọwọ́ yín kò ní wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wọ ibí láàárọ̀, bí ẹ bá ṣe jáde nílé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa padà wọlé, ẹ̀mí pípé, ara pípé, títí kan ìka tó kéré jù lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń retí yín lẹ́nu ọ̀nà yóò máa rí yín. Ó di gbà o. Ẹ ṣé o.